Ṣé gẹ́ẹ̀lì orúnkún ìyá mi ń wọlé, àbí orí awọ ló ń gbẹ sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, lápá Ouando. Orúnkún ń dun ìyá mi, ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí. Dókítà ní kí wọ́n máa fi gẹ́ẹ̀lì diclofenac 1%, oògùn ìrora, pa á. Èyí tí a kọ́kọ́ ń rà ti wọ́n jù, apoògùn wá fún wa ní jẹ́nẹ́ríìkì, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé 1% ló wà lára méjèèjì. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ máa ń tutù wọ eegun, pé tuntun yìí kàn ń lẹ̀ mọ́ ara lásán ni. Ní báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ fi òrí pa orúnkún, wọ́n á fi gẹ́ẹ̀lì lé e, wọ́n á wá fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé e sùn mọ́jú kó lè wọlé dáadáa. Ìbéèrè mi ni pé, báwo ni àwọn tó ń ṣe oògùn ṣe ń mọ̀ pé èyí tó wà nínú ìpara wọ awọ lóòótọ́? Ṣé ara ènìyàn ni wọ́n ń gé wò ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ bá mi kí wọn.

Kí n tètè dáhùn èyí tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé òun ló ń bà yín lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni, awọ ènìyàn ni. Kì í ṣe pé wọ́n mú ẹnì kan so mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń bó o láàyè o. Ẹni tí ikùn rẹ̀ ti fà jọwọlọ, tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gé èyí tó ń rọ̀ kúrò, awọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Dípò kí wọ́n lọ jó o níná, wọ́n á gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n á sì kó o sínú fírísà. Ọmọ Kétu ni èmi tí mò ń kọ èyí, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi na irú awọ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ife gíláàsì ní yàrá àyẹ̀wò kan ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún bàbá mi àgbà, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ìlù lò ń ṣe ni?"

Ẹ wá wo 1% tí wọ́n kọ sára tíúbù méjèèjì. Ohun tó ń sọ kò ju pé, nínú gíráàmù 100 gẹ́ẹ̀lì, gíráàmù 1 jẹ́ diclofenac. Iye tó wà nínú tíúbù nìyẹn. Kò sọ iye tó máa kúrò nínú gẹ́ẹ̀lì, kò sì sọ iye tó máa wọ ara. Ẹ fi wé ọkọ̀ èrò tó gbéra ní Kútọnu, tó ń lọ sí Ìgòlò. Ẹ lè ka gbogbo èrò inú rẹ̀ kó tó ṣí, kí ẹ ní méjìdínlógún ni wọ́n. Mélòó nínú wọn ló máa sọ̀ ní Ouando? Ẹ ò lè mọ ìyẹn láti Kútọnu. Àfi kí ẹ dúró sí Ouando kí ẹ máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀. Gbogbo ọdún tí mo lò nínú yàrá àyẹ̀wò yẹn, ìdúró ní Ouando ni.

Ohun tó mú kí kíkà yẹn le ni èèpo awọ. Awọ ara nípọn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lé oògùn padà. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni èèpo kan lókè pátápátá, òkú sì ni. Nígbà ọyẹ́, tí ara bá gbẹ, tí ẹ fi èékánná fa apá tí ìlà funfun sì yọ, òun lẹ ń ha yẹn. Ó tín-ín-rín débi pé kò ju micrometer 10 sí 20 lọ (1,000 micrometer ló wà nínú mìlímítà kan), bẹ́ẹ̀ bébà tí ọmọ fi ń kọ̀wé nílé ìwé tó bí 100. Síbẹ̀, òun ló ń dá omi inú wa dúró kó má gbẹ dànù, òun náà ló ń dá ti ìta dúró kó má wọlé. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń fi wé ògiri, àfiwé náà sì dára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó ti pẹlẹbẹ, tó gorí ara wọn, ni bíríkì. Ọ̀rá ló wà láàárín wọn níbi tí símẹ́ǹtì ì bá wà. Oògùn tó bá fẹ́ wọlé, inú ọ̀rá yẹn ló sábà ń gbà, á máa rìn kọ́lọkọ̀lọ láàárín bíríkì títí á fi dé ìsàlẹ̀.

Oògùn tó jẹ́ ti omi nìkan kò ní lè wọ ọ̀rá náà rárá. Èyí tó jẹ́ ti ọ̀rá nìkan á wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tí awọ alààyè ti bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, á kọ̀, á ní òun ò lọ mọ́. Èyí tó gbọ́ èdè méjèèjì ló ń kọjá, bí oníṣòwò Ìgòlò tó ń bá aṣọ́bodè apá ibí sọ Faransé, tó ń bá ti apá ọ̀hún sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì gbọ́dọ̀ kéré. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí méjì, Bos àti Meinardi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn tí mólékù rẹ̀, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù, bá wúwo ju Dalton 500 lọ (Dalton ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn mólékù) kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gba inú awọ tó dá ṣáṣá. Diclofenac wúwo tó bí 296, ó ní ìrètí. Ínsúlínì tó bí 5,800, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ fi ń gún un lábẹ́rẹ́ tí kì í fi í para. Àwa Kétu mọ ọ̀rọ̀ ẹnubodè dáadáa. Àkábà Ìdẹ́nà ṣì wà nílùú wa dòní. Ní ayé ogun, ẹni tó bá fẹ́ wọ̀lú, ibẹ̀ ló ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń ṣí i fún.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀kan tí ẹ bi mí. Ṣé oògùn ń kúrò nínú gẹ́ẹ̀lì? Tó bá kúrò, ṣé ó ń gba inú awọ kọjá? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń dán wọn wò, àmọ́ ohun èlò kan náà la fi ń ṣe é. Ìgò Franz la ń pè é, torí Thomas Franz, dókítà awọ ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1975. Ife gíláàsì kékeré ni, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹnu kẹ́tùrù. A ó bu omi kún un dé ẹnu. A ó tẹ́ awọ lé ẹnu rẹ̀, a ó gbé gíláàsì mìíràn tó lu já lókè àti nísàlẹ̀ lé awọ, a ó fi irin há gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó má yẹ̀. Ojú ihò òkè yẹn la ó gbà pa gẹ́ẹ̀lì. Nínú omi ìsàlẹ̀, òòfà kékeré kan tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ ń yí bírí, ó ń ro omi náà kí oògùn tó bá já sínú rẹ̀ má dúró sójú kan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mìíràn ń yí ìta ife ká kí ojú awọ lè wà ní 32°C. Ẹ má ṣe ní kí ló dé tí kì í ṣe 37. Inú ara ló ń jẹ́ 37, ìta rẹ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, a kì í lo awọ rárá. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àtọwọ́dá kan tó kún fún ihò wínníwínní la ń tẹ́ sẹ́nu ife, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó gbé gẹ́ẹ̀lì dúró kó má bọ́ sómi. A ó bu gẹ́ẹ̀lì lé e lórí dáadáa, nǹkan bí ìdá mẹ́ta gíráàmù, a ó sì máa fi sírínjì fa omi díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn ife fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ jọ ọkọ̀ èrò. Àwọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń sọ̀, àwọn tẹ̀yìn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tì wá síwájú. Takeru Higuchi ti fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ láti 1961: tí wákàtí kan bá mú ìwọ̀n kan jáde, ẹ máa dúró di wákàtí kẹrin kẹ́ ẹ tó rí ìlọ́po méjì rẹ̀. Àjọ FDA, tó ń ṣàmójútó oògùn ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà yìí wọlé ní 1997 fún ilé iṣẹ́ tó bá yí nǹkan padà nínú ìpara tó ti ń tà tẹ́lẹ̀. Ife 6 fún ti àtijọ́, ife 6 fún tuntun, bí tuntun ṣe ń yára jáde sí gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín 75% àti 133.33% ti àtijọ́. Apá yìí rọrùn. Mo lè kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ti awọ gan-an ló ń mú ènìyàn hu ewú. Ẹ̀rọ kan ni a fi ń bẹ́ ẹ, kó lè tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà, láàárín micrometer 200 sí 500. A ò ní bu gẹ́ẹ̀lì lé e bí ẹni bu ọbẹ̀ lé ìrẹsì mọ́. Nǹkan bíi mílígíráàmù 10 fún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó là ń fi pa á, torí ìwọ̀nba tí ènìyàn fi ń para gan-an la fẹ́ fara wé. Odindi ọjọ́ kan ló ń gbà, ìgbà mìíràn méjì. Bí a bá ti fa omi sírínjì kan jáde, a ó dá omi tuntun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ padà síbẹ̀ kí ife má bàa dín. Omi náà tún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oògùn lè yòrò sínú rẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn á dé ìsàlẹ̀ awọ, kò ní rí ibi bọ́ sí, a ó wá di ẹ̀bi ru awọ tí kò ṣẹ̀. Fún oògùn tó jẹ́ ti ọ̀rá, a máa ń fi nǹkan sí omi náà kó lè gbà á.

Tó bá parí, a ó wá ṣírò bí ìyálọ́jà ṣe ń ṣírò owó lálẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù lórí awọ, a ó fi òwú nù ún, a ó wọ̀n ọ́n. Èyí tó há sínú èèpo òkú yẹn, a ó fi téèpù alámọ̀ lẹ̀ ẹ́ ká ṣí i, lẹ̀ ẹ́ ká ṣí i, nígbà mìíràn ó ń tó ogún téèpù, èèpo ń bá a jáde ní fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́. Èyí tó dé awọ alààyè, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó yọ oògùn inú rẹ̀. Èyí tó dé inú omi, ẹ̀rọ HPLC á yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun gbogbo, á sì sọ iye rẹ̀. Àròpọ̀ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye tí a fi pa á ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí 40% bá sọnù, tí o ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí, má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ṣe àyẹ̀wò. Ìlànà àyẹ̀wò tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó pawọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, gbé jáde ní 2004, èyí tí wọ́n ń pè ní 428, ló tò ó lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìtìjú kan. Ní ọdún kejì mi, mo to ife 12, mo sùn sí yàrá àyẹ̀wò, aago ń jí mi kí n lè fa omi lásìkò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí nọ́ńbà jáde lójú kọ̀ǹpútà, ife keje ò ní nǹkan kan nínú. Òdo! Ife kẹsàn-án, oògùn ti kọjá tán láàárín wákàtí àkọ́kọ́, bí ẹni tú omi sínú ajere. Mo gbé ife keje sókè sójú iná. Atẹ́gùn tó tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà kan ti há sábẹ́ awọ, omi ò kan awọ rárá, oògùn ò sì lè fo atẹ́gùn kọjá. Ti ife kẹsàn-án, ihò ló wà lára awọ, bóyá ọ̀bẹ ẹ̀rọ ló já a níbi tí irun ti hù. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn wò ó, ó ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Láti ìgbà yẹn, n kì í há irin láìkọ́kọ́ dẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n fi ìka lù ú pẹ́pẹ́ kí atẹ́gùn lè gba ọrùn jáde. Mi ò sì tún pa gẹ́ẹ̀lì sórí awọ kankan rí láìkọ́kọ́ wo bó ṣe ń dá omi dúró sí. Ohun tó dùn mí jù ni awọ náà. Ẹnì kan ló fi tọrẹ.

Níbi tí ti ènìyàn bá ti wọ́n, etí ẹlẹ́dẹ̀ là ń lò, torí pé nínú àwọn ẹran tó rọrùn láti rí, awọ tirẹ̀ jọ tiwa ju ti eku tàbí ehoro lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mùsùlùmí, ìbọ̀wọ́ méjì méjì ló máa ń wọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Awọ ènìyàn kì í sì í ṣe ọgba. Gẹ́ẹ̀lì kan náà, ife kan náà, ọjọ́ kan náà, awọ ẹnì kan lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi awọ ẹnì kan ṣoṣo dájọ́, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn là ń kó jọ, tí a sì ń pa gẹ́ẹ̀lì méjèèjì sórí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àti pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú awọ orí ife. Nínú ara alààyè, ẹ̀jẹ̀ ló ń gba oògùn lọ́wọ́ awọ bí ọlọ́kadà ṣe ń gba èrò lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Omi tó ń yí nísàlẹ̀ ife kò ju ìfarawé rẹ̀ lọ.

Ní ti òtútù tí màmá ń wá, a kì í wọ̀n ọ́n nínú ife. Inú ọ̀pọ̀ gẹ́ẹ̀lì ló ní ọtí, kì í ṣe ti mímu o, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ọwọ́ yín kó tó gún yín lábẹ́rẹ́ ni. Bí ọtí náà ṣe ń fò lọ, ó ń kó ooru awọ lọ pẹ̀lú, ara á tutù. Mẹ́ńtọ́ọ̀lì inú róòbù tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Iṣan tó máa ń sọ fún wa pé ara tutù ló ń tàn jẹ, bí ata ṣe ń tan èyí tó ń sọ pé iná ń jó. Gẹ́ẹ̀lì lè tutù bí omi àmù kí oògùn inú rẹ̀ má kúrò lójú kan, òmíràn lè lẹ̀ pẹ̀ẹ́ kó sì máa wọlé wẹ́rẹ́. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé irọ́ ni màmá ń pa. Ọtí tó ń fò lọ yẹn ń fi oògùn sílẹ̀ sórí awọ, á ki sí i, kíki yẹn sì lè tì í wọlé. Ó sì lè mú kó dì sórí awọ bí iyọ̀, kó má lọ síbì kankan mọ́. Gẹ́ẹ̀lì méjì tí ohun tí wọ́n fi pò ó yàtọ̀ lè yàtọ̀ ní wíwọlé, bí 1% tilẹ̀ wà lára méjèèjì. Níbẹ̀ yẹn, màmá gbọ́n ju ẹni tó ní ọ̀kan náà ni nítorí nọ́ńbà. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni ò tọ́.

Nọ́ńbà yìí kan náà ló ń kó bá àwọn obìnrin tó ń bóra. Wọ́n á rí 0.05% lára tíúbù clobetasol, ìpara sìtẹ́rọ́ìdì kan, wọ́n á ní kékeré ni, ó ṣe tán hydrocortisone, sìtẹ́rọ́ìdì mìíràn tí dókítà kọ fún ọmọ, jẹ́ 1%. Ẹ gbọ́ o, 0.05% yẹn wà lára èyí tó lágbára jù lọ nínú ìpara irú rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ agbára wọn, McKenzie àti Stoughton ló gbé e kalẹ̀ ní 1962. Wọ́n ń kán oògùn sí apá ènìyàn, wọ́n sì ń wo bí ojú ibẹ̀ ṣe ń funfun nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ tó sún kì. Ó dára lórí awọ òyìnbó. Lórí awọ dúdú bíi tiwa, ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí ìpara yìí ń bà lára jẹ́ jù lọ́jà Ouando àti Dantokpa kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Tí wọ́n bá tún wá po ìpara mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ nínú bàsíà kan, kò sí ìgò Franz ní gbogbo ayé tó lè sọ ohun tó máa wọ ara ẹni tó rà á.

Ibi tí a fi pa á náà ṣe pàtàkì. Feldmann àti Maibach fi hydrocortisone pa oríṣiríṣi ibi lára ènìyàn, wọ́n sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ jáde ní 1967. Tí a bá pe èyí tó gba apá wọlé ní 1, àtẹ́lẹsẹ̀ gba 0.14, iwájú orí gba 6, àgbọ̀n gba 13, awọ kórópọ̀n ọkùnrin sì gba 42. Ohun tí ẹ bá rọra fi pa apá, ẹ má ṣe fi pa ojú bí ẹni pé ibì kan náà ni.

Ó wá ku òrí àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Òrí dára, mi ò gbọ́ ẹni tó bú u rí nílé wa. Ṣùgbọ́n tó bá kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ ti ki ọ̀rá mìíràn sáàárín gẹ́ẹ̀lì àti awọ. Oògùn tó fẹ́ràn ọ̀rá lè jókòó sínú òrí, kó ní òun ti délé. Ti náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé e ló kó mi lọ́kàn sókè jù. Bí ẹ bá fi náílọ́ọ̀nù wé awọ, òógùn ò ráyè jáde, èèpo òkú yẹn á mu omi, á wú, bíríkì á rọ̀, ohun tó ń kọjá á sì pọ̀ sí i. Fún hydrocortisone, ó lè di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára tíúbù ò wúlò mọ́ nìyẹn, torí wọn ò ṣe é fún inú náílọ́ọ̀nù. Ọmọ ọwọ́ ló jẹ́ kí ayé mọ̀ bí ó ṣe ń rí. Ní ilẹ̀ Faransé ní 1972, wọ́n ṣèèṣì po hexachlorophene, oògùn apakòkòrò, tó pọ̀ jù mọ́ pọ́dà ọmọ kan. Àwọn ìyá ń fi pa ìdí ọmọ, wọ́n sì ń fi ìléèdí dì í. Ọmọ 36 ló kú. Pọ́dà lásán ni, ẹnikẹ́ni ò gbé e mì.

Ní ti owó, mi ò ní ní kí ẹ padà sí èyí tó wọ́n. Jẹ́nẹ́ríìkì tó bá gba ọ̀nà tó yẹ wọ ìlú, tí ẹ rà nínú fámásì tí wọn ò kó o sínú agbọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà, ó yẹ kó ti fi nǹkan hàn kọjá pé 1% wà lára rẹ̀. Ìyẹn lẹ lè bi apoògùn yín léèrè, kò ní bínú. Ohun tó ń jẹ́ kí gẹ́ẹ̀lì má ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe irú rẹ̀, kíkéré ni. Ìwé oògùn tó wà pẹ̀lú diclofenac 1% ní Amẹ́ríkà ní kí ènìyàn lo gíráàmù 4 fún orúnkún kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Gíráàmù 4 pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tíúbù gíráàmù 50 kò ní tó ọjọ́ mẹ́rin fún orúnkún kan. Àwọn ìyá wa á bu èyí tó tó ẹ̀pà kan, wọ́n á fi pa orúnkún méjèèjì àti ẹ̀yìn. Àní pẹ̀lú gíráàmù 4 lẹ́ẹ̀mẹ́rin yẹn lórí orúnkún kan, èyí tó dé inú ẹ̀jẹ̀ kò ju nǹkan bíi 6% ti ẹni tó gbé oníhóró mì lọ, ohun tí a sì fẹ́ gan-an nìyẹn fún àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ò gba oògùn ìrora.

Ẹ fọ orúnkún, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wọn gẹ́ẹ̀lì, ẹ fi pa gbogbo orúnkún yí ká, tiwájú tẹ̀yìn tẹ̀gbẹ́, ẹ fọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Kí màmá má fi aṣọ bò ó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n má wẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ má fi pa ibi tó bá bó. Tí wọ́n bá ń gbé oògùn ìrora mìíràn mì, tàbí tí wọ́n ní egbò inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn, kí dókítà gbọ́ sí i kí ẹ tó máa bá a lọ. Náílọ́ọ̀nù yẹn, ẹ bá mi kó o dà nù lónìí. Òrí ní tirẹ̀, kí wọ́n dúró di ìgbà tí gẹ́ẹ̀lì bá ti lo wákàtí kan dáadáa lórí awọ, kí wọ́n tó fi lé e.